Bí a ṣe ń wọ omi pẹ̀lú sìlíńdà lẹ́yìn: ìtọ́sọ́nà fún àwa tí a ń kọ́ ìmòòkùn ní Àbújá

Ní òwúrọ̀ Sátidé kan nínú oṣù Kejìlá, àbúrò wa obìnrin kan tó dàgbà sí Ẹ̀pẹ́, tó ti mọ̀ ọ́n wẹ̀ kó tó wọ ilé ìwé, dúró sí etí púùlù níhìn-ín ní Gwarinpa. Sìlíńdà ti wà lẹ́yìn rẹ̀, òjé ti wà ní ìbàdí rẹ̀, fíìnì ti wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó wo omi, ó wo mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, báwo ni mo ṣe fẹ́ wọ ibí yìí báyìí?"

Ìbéèrè tó yẹ kí gbogbo ènìyàn máa béèrè nìyẹn. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ́ sódò kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń wọ omi pẹ̀lú ẹrù tó tó kílò 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lára. Mo ti ń ran àwọn olùkọ́ lọ́wọ́ ní etí púùlù fún ọdún mélòó kan, ohun tí mo sì ń rí lemọ́lemọ́ ni pé orí ilẹ̀ gbígbẹ ni ìwọlé ti ń ṣẹlẹ̀. Nígbà tí ẹsẹ̀ bá fi máa kúrò ní etí omi, ohun tó máa dára ti dára, ohun tó máa bàjẹ́ náà sì ti bàjẹ́. Nítorí náà, mo máa pẹ́ lórí ilẹ̀ kí n tó dé inú omi. Ẹ ṣe sùúrù fún mi. Ẹ má sì fi ohun tí mo kọ yìí rọ́pò olùkọ́. Ẹ kà á kí ẹ tó lọ bá a, kí ẹ tún kà á lẹ́yìn tí ẹ bá padà dé.

Kí ọ̀rọ̀ má baà dàrú, ẹ jẹ́ kí n sọ orúkọ tí mo máa fi pe àwọn ẹrù. Awò ni gíláàsì tó bo ojú àti imú pọ̀. Rẹ́gúlétọ̀ ni èyí tó wà lẹ́nu tí a fi ń mí. Orúkọ kan náà ni ti sìlíńdà gáàsì ìdáná, iṣẹ́ wọn sì jọra, nítorí méjèèjì ló ń rọ ohun tó le koko nínú sìlíńdà kó tó jáde síta. Fíìnì ni bàtà gígùn tó rí bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ. Òjé ni ó ń fà wá sísàlẹ̀. Jákẹ́ẹ̀tì ni ẹ̀wù tí a ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí kó lè gbé wa léfòó. BCD ni àwọn olùkọ́ ń pè é.

Ẹni tó bá ti rí fọ́tò àwọn apẹja Argungu ní ìpínlẹ̀ Kebbi ti rí iṣẹ́ jákẹ́ẹ̀tì yẹn. Láti 1934 ni wọ́n ti ń ṣe àjọ̀dún náà, UNESCO sì fi í sínú àkójọ àṣà àjogúnbá ní 2016. Nígbà tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkùnrin bá rọ́ wọ odò Matan Fada, àwọ̀n wà lọ́wọ́ wọn, igbá ràbàtà sì wà pẹ̀lú wọn. Igbá yẹn ló ń gbé wọn léfòó bí omi ṣe ń jìn sí i. Ẹ má ṣe gbàgbé igbá yín: gbogbo ọ̀nà tí mo máa kọ́ yín níhìn-ín, àfi ọ̀kan ṣoṣo tí mo máa ní kí ẹ fi sílẹ̀, afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ wà nínú jákẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó fi ilẹ̀ sílẹ̀.

Omi wo la fẹ́ wọ̀?

Púùlù ni fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń wo adágún Jabi lọ́jọ́ Sunday, wọ́n ń bi mí pé kí ló dé tí a kì í lọ síbẹ̀. Omi náà kò mọ́ gaara, ọkọ̀ ìgbafẹ́ sì ń lọ ń bọ̀ lórí rẹ̀; ẹni tó bá yọ orí jáde lábẹ́ ọkọ̀ kò ní rí ẹni bẹ̀bẹ̀. Ti adágún ìdídò Usuma, omi mímu ìlú ni, kì í ṣe ibi eré. Káàkiri àríwá, omi tó dúró sójú kan tí koríko yí etí rẹ̀ ká lè ní kòkòrò àtọ̀sí ajá: ara ìgbín inú omi ló ti ń jáde, ó sì ń gba awọ ara ènìyàn wọlé, bí ẹ ò tilẹ̀ mu nínú omi náà. Ní Kainji, níbi tí wọ́n ti parí ìdídò ní 1968, àwọ̀n àwọn apẹja wà nínú omi, ìmòòkùn níbẹ̀ sì jẹ́ ti ẹni tó ti mọ iṣẹ́ dáadáa tó sì ní ọmọ ìbílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ibi kan wà tó wù mí fún ìdánrawò awò àti fíìnì nìkan, láìsí sìlíńdà: ìsun Wikki nínú ọgbà Yankari ní Bauchi. Omi ibẹ̀ mọ́ débi pé ẹ ń rí yanrìn ìsàlẹ̀, ó sì lọ́wọ́ọ́wọ́, nǹkan bíi 31°C, láti January dé December. Ẹ kàn ṣọ́ ẹrù yín lọ́dọ̀ àwọn ọ̀bọ ńláńlá ibẹ̀, wọn a máa já nǹkan gbà.

Ohun kan tún wà tí ará Àbújá gbọ́dọ̀ mọ̀. Ìlú wa ga ju 300 mítà lọ sí ojú òkun, láti 300 mítà sókè sì ni àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìmòòkùn ti ń ka omi sí omi orí òkè, tí wọ́n ń ṣe ìṣirò rẹ̀ lọ́tọ̀. Nínú púùlù kò fi bẹ́ẹ̀ kàn yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá lọ mòòkùn ní Lagos tàbí ní Gánà, ẹ má wọ bàálù padà wá lọ́jọ́ náà, nítorí gígòkè léwu fún ara tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìsàlẹ̀ omi dé. Ẹ dúró wákàtí 12 ó kéré tán bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ mòòkùn, wákàtí 18 bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àyẹ̀wò orí ilẹ̀

Ẹni méjì ló ń ṣe é, ẹ̀yin àti ẹnìkejì yín tí ẹ jọ máa wọ omi. Kì í ṣe pé kí kálukú yẹ tirẹ̀ wò; tirẹ̀ ni ẹ máa yẹ̀ wò, òun náà á sì yẹ tiyín.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ara jákẹ́ẹ̀tì. Ẹ tẹ bọ́tìnnì tó ń fẹ́ ẹ, kó wú. Ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá afẹ́fẹ́ ń jò. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ bọ́tìnnì tó ń tú u. Kí ẹ mọ bọ́tìnnì méjèèjì pẹ̀lú ìka láì wò wọ́n, torí ẹ lè ṣe àṣìtẹ̀ nígbà tí omi bá ń dà sí yín lójú.

Ẹ tún wo òjé. Báwo ni ẹ ṣe máa já a sílẹ̀ bí wàhálà bá dé? Ọwọ́ ọ̀tún ló yẹ kó lè fà á yọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ rí i pé ẹ̀wù tàbí okùn jákẹ́ẹ̀tì kò bò ó mọ́lẹ̀. Ìwọ̀n rẹ̀ náà ń yí padà: omi iyọ̀ máa ń gbé ènìyàn léfòó ju omi púùlù lọ, nítorí náà òjé tó tó yín ní Gwarinpa kò ní tó yín lójú òkun, ẹlòmíràn máa ń fi bíi kílò 2 tàbí 3 kún un. Èyí tó burú ni kí ẹni tó ti òkun dé gbé ìwọ̀n òjé òkun wọ púùlù. Bó ṣe ń wọ omi báyìí ni ó ń lọ sísàlẹ̀.

Ẹ fa gbogbo ìdè wò lọ́kọ̀ọ̀kan: ti àyà, ti ikùn, ti èjìká. Ẹ di sìlíńdà mú lọ́rùn, kí ẹ gbé e sókè. Bó bá yọ̀ nínú ìdè rẹ̀, ẹ tún un dì. Ìdè tó fún nígbà tó gbẹ lè dẹ̀ nígbà tó bá tutù, nítorí náà a máa ń rẹ ẹ́ lómi ká tó fà á le.

Ó wá ku afẹ́fẹ́, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí ẹ ti dúró dáadáa. Ẹ ṣí orí sìlíńdà títí tó fi máa ṣí tán. Ẹ fi rẹ́gúlétọ̀ sẹ́nu, kí ẹ mí ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, kí ojú yín wà lára géèjì, ìyẹn agogo tó ń fi bí afẹ́fẹ́ inú sìlíńdà ṣe pọ̀ tó hàn, ní gbogbo ìgbà tí ẹ ń mí. Sìlíńdà tó kún máa ń wà ní nǹkan bíi báà 200 (báà ni a fi ń wọn bí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ṣe le tó). Bí ọwọ́ géèjì bá dúró gbọnyin, ó dára. Bó bá ń já sílẹ̀ nígbà tí ẹ bá fa èémí, tó sì ń gòkè padà nígbà tí ẹ bá dáwọ́ dúró, a jẹ́ pé wọn kò ṣí sìlíńdà náà tán. Mo rí i rí lára ọmọkùnrin kan tó ń kánjú: lórí ilẹ̀, ó ń mí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó rò pé ohun gbogbo wà ní pípé. Ẹnìkejì rẹ̀ ló sọ pé, "Ẹ dákun, ẹ tún mí kí n wò ó." Ní èémí kejì, ọwọ́ géèjì já wálẹ̀. Bó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ omi ló ti ṣẹlẹ̀, afẹ́fẹ́ ì bá máa wọ́n ọn bí ó ṣe ń jìn sí i.

Nígbà ọyẹ́, eruku Àbújá máa ń ba rọ́bà kékeré roboto tó wà láàárín sìlíńdà àti rẹ́gúlétọ̀. Ẹyọ iyanrìn kan tó bá jókòó sórí rọ́bà yẹn tó láti mú kí afẹ́fẹ́ máa jò síì síì. Ẹ nu ún pẹ̀lú aṣọ tó mọ́ kí ẹ tó de rẹ́gúlétọ̀ mọ́ ọn, kí ẹ sì fi ẹnu rẹ́gúlétọ̀ pamọ́ sínú àpò títí ẹ ó fi fẹ́ lò ó.

Àwọn ènìyàn máa ń bi mí bóyá ọ́síjìn ló wà nínú sìlíńdà náà. Rárá o. Afẹ́fẹ́ tí gbogbo wa ń mí ni, tí wọ́n sẹ́ tí wọ́n sì kì mọ́lẹ̀. Ọ́síjìn tí kò ní àdàlù, irú ti ilé ìwòsàn, máa ń di májèlé fún ẹni tó bá ń mí in nísàlẹ̀ omi, kò sì ju bíi mítà 6 lọ tí ewu rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ àwọn vọ́kànáísà náà kò sì ṣeé fi rọ sìlíńdà ìmòòkùn, torí èéfín àti òróró inú rẹ̀ máa ń wọ inú afẹ́fẹ́. Ibi tí wọ́n ní ẹ̀rọ tó wà fún afẹ́fẹ́ mímí nìkan ni kí ẹ ti rọ ọ́.

Awò ló kẹ́yìn. Ẹ tu itọ́ sí inú rẹ̀, ẹ fi ìka ra á yíká, ẹ ṣan án, kò ní kún fún ìkùukùu. Ẹ fi wé ojú láì so okùn rẹ̀, kí ẹ fi imú fa èémí díẹ̀: bó bá lẹ̀ mọ́ ojú, ó bá yín mu. Ẹ̀yin tí ẹ dirun, ẹ kó gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn. Okùn irun kan ṣoṣo tó bá há sábẹ́ rọ́bà awò ti tó fún omi láti máa wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ ń borí nítorí ẹ̀sìn, ìborí tó fún mọ́ orí dára púpọ̀, kó kàn wà lábẹ́ okùn awò, kó má dé abẹ́ rọ́bà rẹ̀.

Jíjókòó wọ omi

Èyí ni mo fi kọ́ àbúrò wa láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, òun ni mo sì fẹ́ràn jù fún ẹnikẹ́ni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Kò ní ariwo, kò ní ìfò. Ó dára ní púùlù àti ní etí èyíkéyìí tó bá súnmọ́ ojú omi.

Ẹ jókòó sí etí púùlù kí ẹsẹ̀ rì sínú omi, kí ẹ wọ fíìnì níbẹ̀. Ẹnìkejì yín á gbé sìlíńdà àti jákẹ́ẹ̀tì wá sẹ́yìn yín, á dì í mú títí ẹ ó fi de gbogbo ìdè. Ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú jákẹ́ẹ̀tì, kó tó ìdajì. Awò wọ ojú, rẹ́gúlétọ̀ wọ ẹnu, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu mí.

Ká ní apá òsì ni ẹ fẹ́ yí sí. Ẹ gbé ọwọ́ ọ̀tún kọjá níwájú ara, kí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì wà lórí etí púùlù lápá òsì yín. Ẹ fi ara tì wọ́n, ẹ gbé ìdí kúrò nílẹ̀, ẹ yí kí ojú yín kọ sí ògiri púùlù, ẹ sì rọra sọ ara kalẹ̀ sínú omi láì jẹ́ kí ọwọ́ fi etí sílẹ̀. Ibi kan ṣoṣo tí ó ti máa ń bàjẹ́ ni ibi yíyí: ìdí sìlíńdà máa ń gún etí púùlù bí ẹ kò bá gbé ara jìnnà tó, ó sì lè fọ́ táìsì. Ẹ kọ́kọ́ na apá, kí ẹ tó yí.

Àbúrò wa ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ó jáde, ó tún ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo rí i pé èjìká rẹ̀ ti rọlẹ̀.

Ìgbésẹ̀ ńlá

Èyí ni ọ̀nà tí ẹ máa bá pàdé jù lórí ọkọ̀ ojú omi ńlá, ní ibi tí ilẹ̀ dúró gírí tí ẹ sì lè dìde dúró. Òun náà ni àwọn ènìyàn máa ń bẹ̀rù jù, nítorí ó jọ ìfò. Kì í ṣe ìfò. Ìgbésẹ̀ kan ni, kó gùn ju èyí tí ẹ máa ń gbé lójú pópó lọ.

Ẹ kọ́kọ́ mọ jíjìn omi. Ẹ bi ẹni tó ni ibẹ̀, tàbí kí ẹ fi igi wọ̀n ọ́n. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹsẹ̀ méjèèjì wọn ìjìnlẹ̀ odò. Púùlù ilé ìtura tí omi rẹ̀ kò ju àyà àgbàlagbà lọ kò yẹ fún èyí, ẹsẹ̀ yín á lu ilẹ̀. Bó bá tó mítà 2.5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó dára. Ibi tí ẹ dúró náà kò gbọ́dọ̀ ga jù. Tó bá ju mítà 2 sókè ojú omi, ẹ wá ọ̀nà mìíràn.

Etí omi ni ẹ ti máa wọ fíìnì, kì í ṣe lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹ di èjìká ẹnìkejì mú, ẹ ká ẹsẹ̀ kan lórí orúnkún èkejì, ẹ wọ̀ ọ́, ẹ sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹsẹ̀ kejì. Bó bá di dandan kí ẹ rìn díẹ̀, ẹ fi ẹ̀yìn rìn tàbí kí ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rìn. Ẹni tó bá fi iwájú rìn nínú fíìnì á fẹsẹ̀ kọ, á sì ṣubú.

Ẹ dúró kí etí ìka ẹsẹ̀ yín bọ́ sí etí pátápátá, kí orí fíìnì yọ síwájú lórí omi. Ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí jákẹ́ẹ̀tì tó ìdajì. Ẹ fi rẹ́gúlétọ̀ sẹ́nu, kí ẹ tẹ àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún lé e, kí ìka ọwọ́ kan náà sì tẹ awò mọ́ ojú. Ọwọ́ kan, iṣẹ́ méjì. Ọwọ́ òsì ló ń di géèjì àti gbogbo rọ́bà gígùn tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá mọ́ àyà kí wọ́n má baà fò sókè lù yín.

Ẹ wo omi tó wà níwájú yín: ṣé ẹnikẹ́ni wà níbẹ̀? Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ojú sókè, kí ẹ wo ọ̀kánkán tààrà, ibi tí ọ̀run àti omi ti pàdé. Ní púùlù, ẹ wo ògiri tàbí òpó iná tó wà ní òdìkejì. Ẹ má tún wo ìsàlẹ̀ mọ́.

Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi nígbà àkọ́kọ́. Bí ẹsẹ̀ mi ṣe fẹ́ kúrò nílẹ̀ ni mo wo ìsàlẹ̀, mo fẹ́ rí ibi tí mo ń lọ. Gíláàsì awò ló kọ́kọ́ pàdé omi, omi sì gbá a kúrò lójú mi. Mo yọ sójú omi láì ríran, omi nínú imú, mo ń wá awò tó ti rì. Rẹ́gúlétọ̀ tí ọwọ́ mi kò fi sílẹ̀ ni ó jẹ́ kí n lè máa mí títí wọ́n fi nawọ́ sí mi. Látìgbà náà ni mo ti máa ń dárúkọ ohun tí mò ń wò fún ara mi kí n tó gbé ẹsẹ̀: òpó iná, òpó iná.

Ó ti tó àkókò. Ẹ na ẹsẹ̀ kan síwájú, kó jìnnà, kí ẹ sì jẹ́ kí èkejì tẹ̀lé e. Ẹ má fò sókè. Ìdí tí ìgbésẹ̀ náà fi gbọ́dọ̀ gùn ni sìlíńdà tó wà lẹ́yìn yín: bí ẹ bá kàn bọ́ sílẹ̀ lẹ́bàá etí, ìdí sìlíńdà á kọ́ etí púùlù tàbí etí ọkọ̀, á sì tì yín lójú bolẹ̀. Ẹsẹ̀ kan á wà níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, bí ẹni tó fẹ́ fo gọ́tà. Bí omi bá ti kan yín, ẹ pa ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ kíá bí àlùmọ́gàjí, kí ẹ má baà rì jìnnà. Jákẹ́ẹ̀tì á gbé yín sókè.

Ẹ má ṣe di èémí mú. Nínú gbogbo òfin ìmòòkùn, òun ni olórí. Ní mítà 10, ìlọ́po méjì ohun tó ń tẹ̀ wá lójú òkun ló ń tẹ̀ wá. Afẹ́fẹ́ tí ẹ bá dì sínú ẹ̀dọ̀fóró níbẹ̀ á fẹ̀ di ìlọ́po méjì nígbà tí ẹ bá dé òkè, ẹ̀dọ̀fóró sì lè ya. Láti ìgbà ìwọlé ni kí ẹ ti fi mímí kọ́ ara. Pàápàá nígbà ọyẹ́, tí omi púùlù máa ń tutù láàárọ̀: òtútù òjijì máa ń jẹ́ kí ènìyàn fa èémí gààà. Ẹ bu omi sójú àti sáyà kí ẹ tó wọlé, kí ara ti mọ ohun tó ń bọ̀.

Fífi ẹ̀yìn wọ omi

Ọkọ̀ kékeré kì í dúró jẹ́ẹ́. Ẹni tó bá dìde dúró nínú rẹ̀ pẹ̀lú sìlíńdà lè ṣubú, ó sì lè da àwọn yòókù sómi. Ìdí nìyẹn tí a fi ń jókòó sí etí ọkọ̀, tí a kọ ẹ̀yìn sí omi, tí a sì fẹ̀yìn lọ. Sìlíńdà ló kọ́kọ́ ń pàdé omi, kì í ṣe orí.

Ẹ rí i pé ọkọ̀ ti dúró, awakọ̀ sì ti pa ẹ́ńjìnnì tàbí ó ti yọ jíà. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ó ń lọ díẹ̀díẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì tó ń yí díẹ̀díẹ̀ náà lè gé ènìyàn.

Ẹ jókòó kí ìdí yín wà ní etí, kí sìlíńdà yọ síta. Afẹ́fẹ́ nínú jákẹ́ẹ̀tì, awò àti rẹ́gúlétọ̀ lábẹ́ ọwọ́ ọ̀tún bíi ti ìgbésẹ̀ ńlá, rọ́bà lábẹ́ ọwọ́ òsì. Ẹ ní kí ẹni tó kọjú sí yín wo ẹ̀yìn yín, nítorí ẹ̀yin kò lè rí i. Ẹ tẹ àgbọ̀n mọ́ àyà, kí orí má baà fì sẹ́yìn. Kí ẹsẹ̀ yín wà pọ̀, kí fíìnì má baà gbá ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Bí ẹ bá pọ̀ nínú ọkọ̀, ẹ jọ lọ lẹ́ẹ̀kan náà: awakọ̀ á kà á, ọ̀kan, méjì, mẹ́ta. Ẹni tí kò bá tíì ṣetán nígbà tí wọ́n kà á, kó jókòó, kó má bẹ́ tẹ̀lé wọn, torí ó lè já lé ẹnìkan lórí. Kó dúró títí awakọ̀ á fi sọ pé omi ti ṣófo.

Ní ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì, ẹ ò ní mọ òkè yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀. Ìfóófò funfun á bo gbogbo ojú. Ẹ má tapá, ẹ má tasẹ̀. Ẹ máa mí, ẹ jẹ́ kí jákẹ́ẹ̀tì ṣe iṣẹ́ rẹ̀, òun mọ ibi tí òkè wà. Àwọn ọkùnrin tó lágbára ló máa ń ṣe àṣìṣe jù níbí, torí wọ́n máa ń fẹ́ bá omi jà.

Rírìn wọlé láti etíkun

Fún àwa ará Àbújá, ìgbà tí a bá rìnrìn àjò nìkan ni èyí máa ń bá wa pàdé. Etíkun Lagos le púpọ̀, ìgbì rẹ̀ ń fà lọ. Kì í ṣe ibi tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ti ń dán an wò.

Ẹ dúró wo ìgbì fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ máa rí i pé àwọn ńlá máa ń wá tẹ̀lé ara wọn, lẹ́yìn náà omi á rọ̀ díẹ̀. Àkókò ìrọ̀rùn yẹn ni tiyín. Ẹ jẹ́ kí awò wà lójú àti rẹ́gúlétọ̀ lẹ́nu kí ẹ tó kan omi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúnkún nìkan ni ó dé. Ìgbì kan lè gbé yín ṣubú. Ẹ di ara yín mú, ẹ̀yin àti ẹnìkejì. Ẹ máa wọ́ ẹsẹ̀ lórí yanrìn, ẹ má gbé e sókè, kí ẹja tàbí òkúta má baà gún yín. Níbi tí omi bá ti rọ̀, ẹ lè wọ fíìnì nígbà tó bá dé àyà. Níbi tí ìgbì bá wà, ẹ wọ̀ ọ́ lórí ilẹ̀, kí ẹ sì fi ẹ̀yìn rìn wọlé. Bó bá ti dé ìbàdí tàbí àyà, ẹ dùbúlẹ̀ kí ẹ máa lúwẹ̀ẹ́. Dídìde rìn nínú ìgbì ń tán ènìyàn lókun.

Odò tó ń ṣàn, ẹ bi àwọn apẹja ibẹ̀ kí ẹ tó fi ẹsẹ̀ kàn án. Wọ́n mọ ibi tó ń fà.

Ẹni tí ẹ̀yìn tàbí orúnkún ń dùn kò nílò èyíkéyìí nínú ìgbésẹ̀ àti fífẹ̀yìn. Kó gba àkàbà sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n fẹ́ jákẹ́ẹ̀tì kún, kí wọ́n sọ ọ́ sínú omi pẹ̀lú sìlíńdà, kó wọ̀ ọ́ níbẹ̀. Aboyún ní tirẹ̀ kò gbọ́dọ̀ mòòkùn rárá, bó ti wù kó rọrùn tó.

Ọ̀nà tí mo ní kí ẹ fi sílẹ̀ ni wíwọ omi pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì tó ṣófo, kí ènìyàn máa lọ sísàlẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àwọn tó ti mọ iṣẹ́ máa ń lò ó níbi tí omi bá ń ṣàn gan-an. Bí ẹ bá gbàgbé ohun kan lórí ilẹ̀, kò sí àyè láti rántí rẹ̀.

Ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ lójú omi

Ẹ yíjú sí ẹni tó wà lórí ọkọ̀ tàbí lórí ilẹ̀, kí ẹ gbé ìkúùkù lé àárín orí: àmì pé àlàáfíà ni. Ẹni tó bá ń ju apá sókè, ìrànlọ́wọ́ ló ń béèrè, nítorí náà ẹ má ṣe juwọ́ kí ará ilé yín tó wá wò yín. Ẹ kúrò níbi tí ẹ ti wọlé kíá, torí ẹlòmíràn ń bọ̀.

Ẹ fọwọ́ kan òjé: ṣé ó wà níbẹ̀? Ẹ tún wo géèjì. Ẹ wo ara ẹnìkejì bóyá afẹ́fẹ́ ń hó jáde níbì kan. Bí èémí yín bá ń yára, ẹ dúró lójú omi títí tí yóò fi rọlẹ̀, ì báà gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Kò sí olùkọ́ gidi tó máa bínú sí yín fún un.

Lẹ́yìn náà, ẹ wojú ara yín. Ẹ rántí pé àtàǹpàkò tó nà sókè lábẹ́ omi kò túmọ̀ sí pé ó dára. Ó túmọ̀ sí pé ká padà sókè. Òrùka tí ẹ bá fi àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀lé e ṣe ni ó dára. Ẹ ṣe òrùka, ẹ dúró kí òun náà ṣe tirẹ̀. Ẹ na àtàǹpàkò sísàlẹ̀. Bó bá na tirẹ̀ sísàlẹ̀ padà, ẹ gbé rọ́bà jákẹ́ẹ̀tì sókè lọ́wọ́ òsì, ẹ tẹ bọ́tìnnì tó ń tú afẹ́fẹ́, ẹ mí jáde tán, ẹ fún imú pọ̀ kí ẹ sì rọra fẹ́ ẹ kí etí tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn yín, kí ẹ wá jẹ́ kí ẹsẹ̀ ṣáájú lọ sísàlẹ̀.